Kámẹ́rà Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́

Ọkùnrin yìí kò béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ayé. Kí wọ́n ṣáà gbé àwòrán òun kọ́ ògiri, kí ojú òun le dáadáa nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sì máa rọra gbé ẹsẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé títí irun orí rẹ̀ fi funfun tán, tí wọn kò ká ìwé kankan mọ́ lọ́wọ́, tí kò sì sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí níbi tí ènìyàn ti lè rí i, ó dá a lójú pé ìyẹn kò pọ̀ jù fún òun.

Ẹ-Dákẹ́ ni àwọn òǹkàwé ń pè é lẹ́yìn. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sára pátákó, tó ní kí wọ́n kàn án mọ́ gbogbo òpó yàrá ìkàwé, mọ́ ẹnu ọ̀nà, mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ariwo ti ń jáde jù. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn nínú bí oyin.

Ní ilé ìkàwé yìí, ọ̀gá tó bá ń fẹ̀yìn tì kì í kàn lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, yóò jókòó sórí àga aláwọ ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ yàrá ìkàwé, níwájú ògiri tí wọ́n gbé àwòrán àwọn ọ̀gá àtijọ́ kọ́. Wọn yóò ya á níbẹ̀, wọn yóò sì gbé òun náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Gbogbo àwọn tó wà lórí ògiri yẹn ló fajúro. Ọ̀kan fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn, òmíràn ń wo òkèèrè bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ tí kò dé. Ẹnì kan péré ló ba ètò jẹ́, ìyẹn ẹni tó ṣe ọ̀gá kí Ẹ-Dákẹ́ tó dé orí àga, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Òun la ẹnu rẹ̀ nínú àwòrán, eyín rẹ̀ funfun nini, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ kan fún létí.

Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ti dolóògbé, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé tó ti dàgbà ṣì máa ń dúró síwájú àwòrán rẹ̀, wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "Èèyàn dáadáa ni bàbá yìí o." Ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ irú rẹ̀ nípa Ẹ-Dákẹ́. Ó gbà pé ohun tó fà á ni pé òun ṣì wà láàyè.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di táì mọ́rùn títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi ń ṣàròyé, ó sì pe akọ̀wé rẹ̀. Obìnrin náà ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rín in sínú níbi iṣẹ́.

"Káfíńtà máa dé kí á tó ṣíwọ́," Ẹ-Dákẹ́ sọ. "Ó ti kan férémù sílẹ̀. Àwòrán nìkan ló kù."

"Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú," akọ̀wé dáhùn. "Bí tòní ò bá ṣeé ṣe, mo ṣáà ní èyí tí wọ́n yà yín lọ́jọ́ tí a ṣe ìdágbére yín. Olùdarí tó wà lókè wa ti ní kí n fi ìyẹn sí i bí kò bá sí òmíràn."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i. Ẹ-Dákẹ́ wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ. Nínú àwòrán náà, kéèkì kún ẹnu rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ojú òsì rẹ̀ ti pa dé. Ojú ọ̀tún là sílẹ̀, ó sì ń wo àwo ẹlòmíràn.

"Ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa gbé kọ́," ó sọ. "Kí n máa jẹ kéèkì lórí ògiri títí ayé?"

"Ó mà dára, ọ̀gá. Ó fi yín hàn bí èèyàn."

"Ta ló ní kí wọ́n fi mí hàn bí èèyàn?"

Ayàwòrán kan ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n Ẹ-Dákẹ́ fúnra rẹ̀ ló lé e. Kí ló ṣe? Ó gbé kámẹ́rà sójú ni, ó sì ní, "Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Díẹ̀ tó wí yẹn ló lé e jáde. Nígbà tí Ẹ-Dákẹ́ délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun yóò fi kámẹ́rà ti òun yà á. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ ò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń fi tẹlifísàn sí ibi ìròyìn."

"Ìyẹn tẹlifísàn," ó dáhùn.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan tó ń ta ọjà àlòkù láti òkè òkun ló mú kámẹ́rà náà wá. Fẹ́lẹ́ báyìí ni, ó wọ àpò àyà, ó sì ń dán bí eyín tuntun. Àwọn fóònù ìgbà yẹn kò tí ì mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí á fi pe ènìyàn lọ, nítorí náà ohun àrà ni irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

"Ẹ̀gbọ́n," bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ìyàwó wí, "ẹ ò ní í ṣe nǹkan kan. Ó ń dá ronú ni. Ó ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀, ó ń tan iná fúnra rẹ̀. Ó gbọ́n ju èmi àti ẹ̀yin lọ."

"Ní ti ìwọ, mo gbà," Ẹ-Dákẹ́ wí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó kọ́kọ́ ni kámẹ́rà náà ti to gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè Jámánì. Ẹlòmíràn ìbá figbe ta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé ìkàwé pé Ẹ-Dákẹ́ gbọ́ èdè Jámánì. Àwọn olùkọ́ máa ń na ìka sí i lọ́nà jíjìn pé, "Ẹ wo ọ̀mọ̀wé yẹn, ó gbọ́ Jámánì bí ẹni mumi." Òun náà a sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe dẹni tó gbọ́ ọ, a óò débẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ-Dákẹ́ gúnwà sórí àga, ó fọwọ́ kan lé orí ìwé ńlá kan, ó sì mú ojú rẹ̀ le bí ẹni tí ń ti ilé ìfowópamọ́. Akọ̀wé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fa ojú kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Lórí kámẹ́rà náà, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí ń yí, tí wọ́n ya oríṣiríṣi àmì sí: òkè, òdòdó, ẹni tí ń sáré, òṣùpá, àbẹ́là, ajá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n kọ "AUTO" sí. Ìyẹn nìkan ni Ẹ-Dákẹ́ mọ̀ láìní í ronú, ó sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kámẹ́rà bú iná gbàà. Wọ́n wò ó. Iwájú orí Ẹ-Dákẹ́ ń dán bí ìdérí ìkòkò tuntun, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí ti ẹni tó jí ẹran. Ọ̀rọ̀ Jámánì kan yọ sójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kámẹ́rà ń béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bóyá ẹnì kan kò pajú dé.

"Kí ló wí, ọ̀gá?"

Ẹ-Dákẹ́ gba kámẹ́rà, ó sún dígí rẹ̀ sísàlẹ̀ imú, ó sì mirí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti ń retí. "Ó ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ èmi?" Akọ̀wé na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó yẹ̀ wọ́n wò. "Ọwọ́ tí mo fi ń tẹ̀wé látàárọ̀?"

"Ohun tó kọ nìyẹn. Kì í ṣe èmi ló sọ ọ́."

Ó wo àwọn àmì tó kù. Ajá kò yẹ ẹ́. Ẹni tí ń sáré kò yẹ ẹ́, òun kò sáré mọ́ láti ìgbà tó ti di igbákejì ọ̀gá. Ó dé orí òkè, ó sì dúró. Òkè! Ó ga, ó wúwo, kò mira. Ta tún ni wọ́n lè yà á fún bí kì í bá ṣe àwọn ẹni ńlá?

"Fi sórí òkè," ó wí.

Akọ̀wé fi sórí òkè. Kámẹ́rà bá fojú fo Ẹ-Dákẹ́, ó lọ bá ohun tó jìnnà jù nínú yàrá náà. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ògiri hàn ketekete, wọ́n rí igi ìta, wọ́n rí aṣọ tí ẹnì kan sá sórí okùn lódìkejì títì. Ẹ-Dákẹ́ fúnra rẹ̀ dà bí èéfín tó wọ táì.

"Ọ̀gá, ẹ ò wà ńbẹ̀," akọ̀wé wí.

"Mo rí i."

Wọ́n gbìyànjú òṣùpá, ó ṣe bàìbàì. Wọ́n gbìyànjú àbẹ́là, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Nígbà tí wọ́n dé orí òdòdó, kámẹ́rà kọ̀ jálẹ̀ láti wo ohunkóhun tí kò bá sún mọ́ ọn dé imú. Òógùn ti ń ṣàn wọ inú kọ́là Ẹ-Dákẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Jámánì bá jáde, akọ̀wé á gbójú sókè, Ẹ-Dákẹ́ á sì túmọ̀ rẹ̀ láìkọsẹ̀: "Ó ní kí o sún sẹ́yìn." "Ó ní ìmọ́lẹ̀ kò tó." Ìgbà kan wà tó tiẹ̀ ní, "Ó ń kí wa." Kámẹ́rà ń sọ fún wọn ni pé bátìrì rẹ̀ ti dé ìdajì.

Nígbẹ̀yìn, ó rí àmì kan tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ojú ènìyàn ni, róbótó, tó yanu díẹ̀.

"Áà! Èyí ni ti àwòrán èèyàn. Òmùgọ̀ wo ló fi í pamọ́ sẹ́yìn àbẹ́là?"

Akọ̀wé yí i síbẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì. Iná pupa kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú kámẹ́rà. Wọ́n dúró. Ẹ-Dákẹ́ tún mú ojú rẹ̀ le sí i. Iná ń ṣẹ́jú.

"Kí ló dé tí kò yà á?"

"Ó ń ronú," Ẹ-Dákẹ́ fi igun ẹnu wí. "Má mì."

Akọ̀wé gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀, kí orí ọ̀gá lè wọlé tán. Lójijì, "kẹ́ẹ̀!" kámẹ́rà yà á fúnra rẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n wò ó.

Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n rí. Ó hàn kedere láti orí ògiri, eyín rẹ̀ pé, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan dúdú bàìbàì kan wà tó ní etí méjì.

"Tún un yà."

Iná pupa ṣẹ́jú, kámẹ́rà tún yà á. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ni.

"Ọ̀gá, àpótí kékeré aláwọ̀ òfeefèé kan wà ńbí," akọ̀wé wí. "Ojú bàbá yẹn ló ń lọ dì mọ́. Bí mo bá fà á kúrò, ó tún ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀ ni. Ó jọ pé ó fẹ́ràn ẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀!" Ẹ-Dákẹ́ jágbe. Ó ti dìde lórí àga. Òǹkàwé kan tó ṣẹ́kù nínú yàrá náà gbé orí sókè, ó na ìka sí pátákó tó wà lórí òpó. Ẹ-Dákẹ́ padà jókòó, ó ń mí gulegule.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rò pé ìlara lásán ni. Ó ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Ẹ-Dákẹ́ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tí ì rí àyè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó àpótí ìwé Jámánì wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Wọ́n béèrè ta ló gbọ́ èdè náà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè kí ó tó bi í léèrè. Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú àwọn ìwé náà, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe nípọn sí, ó sì fi àwòrán ara wọn pín wọn. Ìwé tí wọ́n ya ẹṣin sí lẹ́yìn, ó kó o sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ewì ni. Wọ́n gbóríyìn fún un, wọ́n sì gbé e ga sípò.

Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, tó jẹ́ ọ̀gá nígbà náà, gbọ́ èdè Jámánì ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ rí nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró síwájú àwọn ìwé náà, ó ṣí ọ̀kan, ó ṣí èkejì. Nígbà tó ṣí ti ẹlẹ́ṣin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di pẹpẹ ìwé mú kí ó má baà ṣubú. Ó nu ojú rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbi tó dúró bí igi. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìwé náà ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lọ sí ibi tó yẹ wọ́n, bí ẹni pé wọ́n ní ẹsẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán tó wà lórí ògiri yìí. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹ-Dákẹ́ kò kọjá níwájú rẹ̀ rí kí ó má rò pé òun ni bàbá náà ń fi rín.

Ó dìde, ó gun àpótí ìtìsẹ̀, ó já Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín kúrò lórí ìṣó, ó sì dá ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Ojú ibẹ̀ lórí ògiri mọ́ ju ibi tó kù lọ.

"Ọ̀gá," akọ̀wé wí, ó la ojú.

"Yà mí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Kámẹ́rà kò ṣe nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ-Dákẹ́ fajúro síwájú sí i, bí ẹni pé kámẹ́rà kò tí ì rí i tó. Níkẹyìn ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí obìnrin náà láti wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Ibi tí akọ̀wé ti ń wo ọ̀gá rẹ̀, tí táì rẹ̀ ti yí sí ẹ̀yìn etí, ẹ̀rín tó ti ń dì mú látàárọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀.

Ó pa ẹnu dé. Kámẹ́rà dákẹ́. Ẹ-Dákẹ́ ń wò ó. Ó wo àmì ojú róbótó tó yanu. Kò yanu, ẹ̀rín ló ń rín. Ó jókòó lórí àga bí ẹni tí wọ́n ka ìdájọ́ fún.

"Ẹ̀rín ló ń wá," ó wí wẹ́lẹ́. "Kì í ya ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín."

"Èèmọ̀!" akọ̀wé wí. "Ó mà rọrùn nígbà náà, ọ̀gá. Ẹ sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kàn kà á ni."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn kan. Ìyẹn ló tún wá burú jù. Ẹ-Dákẹ́ wo ojú gíláàsì náà. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Kẹ̀kẹ́ orí kámẹ́rà náà kò tilẹ̀ fẹ́ yí sí àmì mìíràn mọ́, òógùn ọwọ́ tàbí ìfipáyí ti jẹ́ kí ó há síbẹ̀.

"Lọ bu omi wá fún mi," ó wí. "Má sáré."

Nígbà tí ó ku òun nìkan, ó to ìwé atúmọ̀ èdè jọ, ó gbé kámẹ́rà lé e lórí. Ó ṣí ibi tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì sí nínú rẹ̀, ó tẹ èyí tó rò pé ó jọ "rárá". Láti ìgbà náà, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ ní gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kàn án. Ó tẹ òmíràn. Gbogbo nǹkan tó wà nínú gíláàsì di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, bí ayé àtijọ́. Ó tẹ òmíràn láti dá ti àkọ́kọ́ padà, ẹyẹ náà sì pariwo sí i. Ó wò yíká. Nínú ilé ìkàwé tó jẹ́ pé ó ti lé ènìyàn jáde nítorí pé wọ́n ṣí bébà bisikíìtì, ẹyẹ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá pinnu láti rẹ́rìn-ín. Kékeré ni, ó sọ fún ara rẹ̀, èyí tí ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò ní í mọ̀ sí ẹ̀rín. Ó jókòó, ó gbé igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó fi eyín iwájú méjì kún un. Iná ń ṣẹ́jú. Ó ronú ọjọ́ tí wọ́n fi í jọ̀gá, ó ronú nípa pátákó àkọ́kọ́ tó kàn, ó la ẹnu títí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi dún. Kámẹ́rà wò ó, kò gbà á gbọ́. Bí ó ṣe wà níbẹ̀, tó ń fi eyín han àwọn ìwé atúmọ̀ èdè, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Káfíńtà ni, férémù wà lábíyá rẹ̀, okùn ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. "Ọ̀gá Ẹ-Dá... ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé eyín ń dùn yín ni?"

"Kí lo fẹ́?"

"Àwòrán ni mo wá mú. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, mo sì ní ilẹ̀kùn kan tí mo fẹ́ gbé fún oníbàárà."

Akọ̀wé ti dé pẹ̀lú ife omi. "Ọ̀gá," ó rọra wí, "kí n kúkú tẹ ti kéèkì yẹn jáde? Olùdarí ti tún pè."

Ẹ-Dákẹ́ wo férémù tó ṣófo lábíyá káfíńtà. Ó rí kéèkì nínú rẹ̀. Ó rí ojú òsì rẹ̀ tó pa dé, títí ayé, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò máa kọjá tí wọn yóò máa fi ìgúnpá gún ara wọn. Lẹ́yìn náà ó wo tábìlì, níbi tí Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín dojú délẹ̀ sí. Kámẹ́rà ń wá ẹ̀rín. Kò sọ ẹ̀rín ta ni.

Ó dìde, ó gbé àwòrán náà, ó nù ún pẹ̀lú apá kóòtù. Ó to ìwé jọ sórí àga gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì gbé olóògbé náà lé e lórí, kí ojú wọn méjèèjì lè dọ́gba, kí kámẹ́rà má baà rí ẹni tó jìnnà ju ẹnì kejì lọ. Kò sí àyè púpọ̀ láàárín wọn. Eyín bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan an létí.

Káfíńtà wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀.

"Yà wá," Ẹ-Dákẹ́ wí. Bí ó ṣe gbọ́ "wá" lẹ́nu ara rẹ̀, ojú rẹ̀ le ju bí ó ti le rí lọ láyé. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnì. Kámẹ́rà wá ẹ̀rín, ó rí i, ó ké bí ẹyẹ, ó sì yà wọ́n.

Àwòrán náà dára ju gbogbo èyí tí wọ́n ti yà lọ. Àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ mú un dà bí ti àgbàlagbà. Ẹ-Dákẹ́ jókòó bí òkúta, ojú rẹ̀ le, gbogbo ìlà iwájú orí rẹ̀ pé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ń rín sí etí rẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà tó nípọn, inú rẹ̀ sì dùn.

"Gé e kúrò," Ẹ-Dákẹ́ sọ fún káfíńtà.

Káfíńtà gbé okùn ìwọ̀n lé e, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sì mirí. "Bí mo bá gé bàbá, etí yín á bá a lọ ni, ọ̀gá. Ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ńkọ́? Àfi kí ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ kan bí orí tó wà lára owó onírin."

"Kò sí nǹkan tó o lè ṣe sí i?"

"Ẹ bá wa dá ọjọ́ mìíràn, kí ẹ tún un yà."

Kò sí ọjọ́ mìíràn. Wọ́n gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín padà sórí ìṣó rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ó di ẹ̀ẹ̀mejì tó ń rẹ́rìn-ín lórí ògiri kan náà. Ẹ-Dákẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé báwo ni. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Ó pẹ́ kí ó tó padà wá, ó wá dá ìwé kan padà bí òǹkàwé lásán. Ó rọra wọlé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń rọ̀ níwájú àwòrán òun. Ẹsẹ̀ kò rọ̀, ńṣe ni wọ́n dúró. Àwọn olùkọ́ méjì àti ọ̀gá tuntun, obìnrin kan tó ti ṣe igbákejì rẹ̀, wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé sì dúró tì wọ́n.

"Ẹ wo ìfẹ́!" ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ń wí. "Gbogbo àwọn yòókù dá jókòó ni. Òun nìkan ló rántí ọ̀gá rẹ̀."

"Mi ò mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀," èkejì wí. "Èèyàn dáadáa ni bàbá yìí o."

Ẹ-Dákẹ́ dúró. Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún gbọọrọ. Ó dé báyìí, ó sì jókòó lórí irọ́.

Ọ̀gá tuntun yí padà, ó rí i, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ yín là ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló mú yín ronú láti gbé bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

Gbogbo wọn kọjú sí i. Ó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé òun kò ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé, pé òun kò lè fara da ọkùnrin náà, pé kámẹ́rà ló ń wá ẹ̀rín, tí kò gbà láti ya òun láìsí i. Wọn yóò wá béèrè pé kí ló dé tí kò fi yí ètò kámẹ́rà náà padà. Yóò ní Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọn yóò ní, ó dára, ṣebí ẹ gbọ́ Jámánì? Ó ti rí ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ibi tó lè yà sí.

Ó wo Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, tó fi ẹ̀rín nìkan bò ó mọ́lẹ̀ dé sàréè.

"Ọ̀rẹ́ mi ni," Ẹ-Dákẹ́ wí. Ó dún bí ẹni tí wọ́n fa eyín rẹ̀ yọ. "Ọ̀rẹ́ mi pàtàkì ni."

"Áà," wọ́n wí lápapọ̀, ohùn wọn sì ga.

"Ẹ dákẹ́!" òǹkàwé kan jágbe láti ẹ̀yìn.